Ẹsẹ̀ Wíwú: Àlọ Ẹ̀jẹ̀ àti Àbọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú ni. Olùkọ́ tí ó ti dúró nídìí pátákó láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò délé ní ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ bàtà, yóò sì rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ti fa ìlà yípo ọrùn ẹsẹ̀ òun bí ẹni pé okùn ni a fi dè é. Ẹsẹ̀ náà yóò wúwo bí ẹni pé òjé ni a rọ sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo rẹ̀ yóò ti lọ, bàtà yóò sì tún wọ ẹsẹ̀ bí ó ti yẹ. Nítorí pé ó ń lọ, ènìyàn díẹ̀ ni ó máa ń bèèrè ibi tí ó ti wá.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a bèèrè. Ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, ìránṣẹ́ ni. Ìránṣẹ́ yìí kan náà ni ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀gá. Ó lè jẹ́ pé ìdúró pípẹ́ lásán ni ó rán an wá. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn tí àárẹ̀ ti mú ni, tàbí kíndìnrín, tàbí oyún, tàbí kòkòrò tí ẹ̀fọn gbé wọ inú ara. Ẹni tí ó bá dojú ìjà kọ ìránṣẹ́ láìbèèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́, a kì í pẹ́ rí i kí ó tún padà dé.

Kí a tó lè mọ ohun tí ń fa wíwú, ó di dandan kí a mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Ní ọdún 1628 ni William Harvey, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kì í ti ibì kan wá kí ó sì gbẹ sí ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà oníṣègùn ìgbà náà ti gbà gbọ́. Yíyípo ni ó ń yípo: ó ń ti inú ọkàn jáde, inú ọkàn náà ni ó sì ń padà sí. Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà kan tó nǹkan bí lítà 5. Bí ara bá wà ní ìsinmi, ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan ni ó tó fún ọkàn láti ti gbogbo rẹ̀ yípo.

Nínú ìjíròrò wa yìí, ẹ jẹ́ kí a pe iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ní iṣan àlọ, kí a sì pe èyí tí ń gbé e padà ní iṣan àbọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè lè ní orúkọ tí ó gbayì ju èyí lọ, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò ràn wá lọ́wọ́. Àlọ kò nira púpọ̀. Ọkàn fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó wà lórí ìdúró títí dé ọkàn rẹ̀ lé ní mítà kan, òkè ni ẹ̀jẹ̀ sì ní láti gùn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ṣàn kì í gun òkè fúnra rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá ń gùn ún? Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti rí bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Kì í fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ibi tí ìmọ̀ ọ̀pẹ wà. Yóò gbé ẹsẹ̀, yóò ju igbà sókè díẹ̀, yóò fi ara ti igbà náà. Igbà kò sì ní jẹ́ kí ó yọ̀ padà sí ibi tí ó ti kúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀jẹ̀. Nínú iṣan àbọ̀, àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ìlẹ̀kùn yóò tì lẹ́yìn rẹ̀. Fabricius, tí ó kọ́ Harvey ní yunifásítì ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, ti ṣe àpèjúwe àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí nínú ìwé kan ní ọdún 1603, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n kàn wà láti dín eré ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sísàlẹ̀ kù ni. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó wá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́.

Ìlẹ̀kùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà náà? Ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun ni. Nígbàkigbà tí a bá ń rìn, ẹran yìí a máa sún kì, a máa fún iṣan àbọ̀ tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ yóò sì sún sókè. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn mìíràn fi ń pè é ní ọkàn kejì. Bí a bá wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan àbọ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tí ó dúró láìmira, yóò tó 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹni náà bá rin ìṣísẹ̀ mélòó kan péré, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 30, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan lè dúró gbagidi nídìí tábìlì rẹ̀ fún wákàtí kan, kí èkejì máa rìn káàkiri láàárín àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí kan náà. Àwọn méjèèjì ni yóò sọ pé àwọn wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ẹsẹ̀ ọ̀kan rí, ojú ẹsẹ̀ èkejì kò rí i.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ mẹ́nu ba ìpéjọ òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. A máa ń pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ dúró ṣánṣán, kí ẹnikẹ́ni má mira. Lẹ́yìn ìwọ̀n ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn yóò ṣubú lulẹ̀, ariwo yóò sì ta. Ó ṣeé ṣe kí ebi tàbí ibà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń ṣàlàyé bọ̀ yìí náà ni: ẹ̀jẹ̀ ti jókòó sínú ẹsẹ̀, èyí tí ó dé inú ọpọlọ kò tó. Ìṣubú ọmọ náà gan-an ni ó ń wò ó sàn, nítorí pé orí àti ọkàn ti bọ́ sí ipele kan náà. Ẹ má fà á dìde. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí kò bá tètè lajú, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí wíwú. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ bá pọ̀ tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa jò gba ara àwọn iṣan tín-ín-rín bọ́ sínú ẹran ara. Jíjò yìí kò burú fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀, òun ni ó sì ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹran ara. Ernest Starling, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1896 pé agbára kan ń ti omi yìí jáde, agbára mìíràn sì ń dá a dúró kí ó má baà jáde tán. Èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ni agbára kejì yìí. Èyí tí ó bá jò síta, àwọn iṣan mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbá a jọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, a lè pè wọ́n ní iṣan omi ara. Nígbà tí èyí tí ń jò bá ju èyí tí a ń gbá padà lọ, ẹsẹ̀ a wú. Bí ẹ bá di kókó yìí mú, gbogbo ìyókù yóò yé yín.

Àwọn ìlẹ̀kùn inú iṣan àbọ̀ lè bàjẹ́. Nínú ìdílé mìíràn, ìran ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Oyún púpọ̀, ara sísan jù, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ìdúró a sì máa dá kún un. Bí ìlẹ̀kùn kò bá tì mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ̀ padà bí ẹlẹ́mu tí igbà rẹ̀ já. Iṣan náà yóò lọ́, yóò sì yọ síta lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, awọ tí ó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ ní apá inú yóò dúdú, yóò le, yóò máa yún. Bí èékánná tàbí igi bá ha ibẹ̀, egbò ni yóò dá, egbò adáàjinná sì ni. Mo ti rí àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún da oríṣiríṣi ìyẹ̀fun àti àgúnmu sí irú egbò bẹ́ẹ̀. Kò lè jinná, nítorí pé ohun tí ó fà á kò sí lójú egbò náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí a bá fi aṣọ àfidì fún ẹsẹ̀ náà láti ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún lọ́nà tí ilé ìwòsàn kọ́ni, tí a sì ń gbé e sókè, omi yóò fà, egbò náà yóò sì rí àyè jinná. Ẹ rántí pẹ̀lú pé egbò ọrùn ẹsẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tiwọn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Olóòtú ètò wa bi mí pé, bí ìdúró bá burú tó bẹ́ẹ̀, ṣé kí ènìyàn kúkú jókòó ni? Jíjókòó láìmira kò sàn púpọ̀. Ní ọdún 1940, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju àdó olóró sí ìlú London, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sùn lórí àga nínú àwọn ibi ìsápamọ́sí. Dókítà Keith Simpson ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń kú lójijì, kì í sì í ṣe àdó olóró ni ó pa wọ́n. Etí àga ni ó ń tẹ iṣan abẹ́ itan wọn mọ́lẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀; ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àbọ̀, ìdì náà já, ó sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú ewu yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìrìn-àjò tí ó tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìjókòó, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ilẹ̀, máa ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì di ìlọ́po méjì. Ewu náà kéré fún ẹni tí ara rẹ̀ le, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 ni, ṣùgbọ́n kò kéré bẹ́ẹ̀ fún aboyún, fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí fún ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Kánò, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ rìn níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ó sì máa mi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìjókòó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ: bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó gbóná, tí ó sì ń dun ni lẹ́yìn ojúgun tàbí ní itan, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má fi òrí tàbí ìpara gbígbóná wọ́ ọ, nítorí pé wíwọ́ lè já ìdì ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀. Bí èémí bá wá ń ké, tí àyà ń dunni, tàbí tí a ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ kò gba ìdúró rárá. Irú ẹsẹ̀ yìí gan-an ni àwọn ará ilé máa ń wò tí wọn yóò sọ pé ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan, pé ọ̀tá ni ó da oògùn sójú ọ̀nà fún un. N kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó gbàgbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń wá ẹni tí ó da oògùn lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ó kù fún ìwòsàn.

Oyún náà ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ aboyún a máa wú díẹ̀ bí oyún bá ti gbó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kíákíá, nítorí pé gìrì lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bá sì bímọ tán, kí a má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ní Zaria kọ̀wé púpọ̀ nípa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn wọn ń rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹsẹ̀ wọn a wú, wọn kì í sì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí èémí. Irú rẹ̀ kò mọ sí Àríwá nìkan.

Ní ti àìsàn jàkùtẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní jàbùtẹ̀, iṣan omi ara ni ó dí. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò tín-ín-rín kan wọ inú ara. Kòkòrò náà yóò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé inú iṣan wọ̀nyí títí yóò fi bà wọ́n jẹ́. Àìsàn yìí ṣeé lé lọ. Orílẹ̀-èdè Tógò, níbi tí àwọn ìbátan wa ìran Ifẹ̀ ń gbé ní agbègbè Atakpamé, ni ó kọ́kọ́ lé e lọ débi tí kì í fi í ṣe ìṣòro fún ìlera gbogbo ìlú mọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2017. Oògùn tí a ń pín fún gbogbo ará ìlú lọ́dọọdún ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá gbé oògùn yìí dé ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ má lé wọn. Oògùn náà kò lè dá ẹsẹ̀ tí ó ti wú padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti omi lójoojúmọ́, pẹ̀lú gbígbẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa, kì í jẹ́ kí ó máa burú sí i.

Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń mú wú. Bí ojú bá wú lówùúrọ̀ tí ìtọ̀ sì ń hó bí ọṣẹ, kí a yẹ kíndìnrín wò. Bí a kò bá lè sùn àyàfi tí a bá fi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta gbé àyà sókè, kí a yẹ ọkàn wò. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ epo, tí ikùn sì ń ga, kí a yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Oògùn pàápàá lè fà á: amlodipine tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wú, ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún ara ríro máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara. Kí ẹni tí ó ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kí ó lọ sọ fún dókítà tí ó kọ ọ́ fún un. Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni àwọn tí ń ra furosemide, oògùn tí ń mú ni tọ̀, lọ́wọ́ oníkíóṣì. Ẹsẹ̀ á fà lóòótọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé yóò bá ìtọ̀ náà lọ, ohun tí ó ń fa wíwú yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nísinsin yìí, a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ mi kò rìn." Ìbéèrè mi ni pé, ṣé àlọ ni kò rìn ni, tàbí àbọ̀? Ọ̀nà wọn jìn síra. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, ẹsẹ̀ a wú, a wúwo, a sì fúyẹ́ nígbà tí a bá gbé e sókè. Bí ó bá jẹ́ àlọ ni ó dí, ẹsẹ̀ lè má wú rárá. Ẹni náà yóò rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí ó bá dúró, ìrora á lọ. Bí ó bá tún rìn, á tún dé. Ẹsẹ̀ á tutù, gbígbé e sókè á sì mú kí ó máa dùn sí i. Tábà, àrùn àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sábà ń fa èyí. Ìbọ̀sẹ̀ tí ń fún ẹsẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí àbọ̀ rẹ̀ kò dára, lè pa ẹsẹ̀ ẹni tí àlọ rẹ̀ dí. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kọ́kọ́ wọn agbára ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ó fi wé ti apá, kí a tó ra irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún olùkọ́ tí ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò, tí a sì sọ fún un pé ìdúró nìkan ni ó ń dà á láàmú, ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó. Kí ó máa rìn nínú kíláàsì. Bí ó bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ó sì máa sọ ọ́ kalẹ̀, ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ó bá délé, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí títí yóò fi ga ju ọkàn lọ, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àpótí ìtìsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ẹsẹ̀ lé kò ga tó bẹ́ẹ̀. Kí iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lóòjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, nǹkan bí ṣíbí tíì kan, kí ó sì rántí pé iyọ̀ wà nínú mágì náà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ka jíjókòó olùkọ́ sí ọ̀lẹ, àga kan nínú kíláàsì kò lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Bí ẹ bá sì ń lọ rí dókítà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun ojúgun fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wò ó bóyá ojú ibẹ̀ jìn tí kò sì tètè kún padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ kan ni tàbí méjèèjì, bóyá ó ń lọ lóru, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pẹ̀lú àgbo. Ìwé kékeré yẹn yóò dín ìbéèrè rẹ̀ kù, yóò sì jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.